Ìtàn Ẹ̀rọ Amóhuntutù àti Ewu Afẹ́fẹ́ Inú Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ilé Iṣẹ́ Wa

Ó ti di àṣà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí pé kí a máa ka ìtàn bí a ti tẹ ìlú dó, ìtàn àwọn ọba, àti ìtàn ogun tí àwọn baba wa jà. Ìtàn tí mo mú wá lọ́dún yìí kò jẹ mọ́ adé, kò sì jẹ mọ́ ogun. Ìtàn ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa tí a ń pè ní fíríìjì, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńláńlá tí ó wà ní ilé ọtí, ní ilé yìnyín, àti ní àwọn yàrá òtútù tí a ń kó ẹja àti ẹran pamọ́ sí.

Bí ẹnìkan bá bi mí léèrè pé kí ni ti olùkọ́ nínú ọ̀ràn ẹ̀rọ, èmi yóò dá a lóhùn pé àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ nídìí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Àwọn kan ń bẹ nídìí wọn ní Èkó àti ní Ìbàdàn; àwọn kan ń bẹ ní ilé ìpẹran àti ilé ìkẹ́rùsí ní ìlú òyìnbó. Ní ọdún 1984, ní 2010, ní 2013 àti ní 2017, àwọn ènìyàn bí tiwa jí ní òwúrọ̀, wọ́n lọ sí irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn bá ara wọn ní ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mìíràn kò sì padà wá sílé mọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ni í sọ bóyá owó ni a ó pàdánù tàbí ẹ̀mí. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a wo kòtò tí àwọn ará iwájú jìn sí.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ NǸKAN TUTÙ

Àwọn ìyá wa ti ń lo àṣírí ẹ̀rọ yìí kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi inú àmù a máa tutù ju omi inú garawa lọ, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé amọ̀ ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín. Omi ń là á kọjá, ó sì ń gbẹ lára rẹ̀, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru lọ kúrò lára omi tí ó kù nínú. Bákan náà ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ sí lára yóò ṣe máa gbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn.

Ohun tí ẹ̀rọ amóhuntutù ń ṣe nìyẹn gan-an. Dípò omi, a fi ohun olómi mìíràn sínú páìpù tí a dí pa, èyí tí í tètè hó tí í sì tètè di afẹ́fẹ́. Bí ó ti ń di afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ooru inú yàrá mọ́ra. Ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò wá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, yóò tì í lọ sí ẹ̀yìn òde, níbẹ̀ ni yóò ti sọ ooru náà nù tí yóò sì tún di olómi. Báyìí ni ó ń yí ká lọ́sàn-án àti lóru. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú páìpù, ìránṣẹ́ rere ni. Ọjọ́ tí ó bá jáde ni ọ̀rọ̀ yí padà.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Kí ẹ̀rọ tó dé, yìnyín orí odò ni àwọn òyìnbó ń gé tà. Ní ọdún 1806, ọ̀gbẹ́ni Frederic Tudor ará Boston ní Amẹ́ríkà kó yìnyín sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Martinique. Ní 1833, ọkọ̀ rẹ̀ kó yìnyín dé Calcutta ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n yìnyín tí ó ń yọ́ lójú ọ̀nà kò lè bọ́ gbogbo ayé.

Ní ọdún 1834, Jacob Perkins, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń fi ether mú ohun tutù. Ether yìí a máa gbiná kánkán. Lẹ́yìn ọdún 1850, James Harrison ní ìlú Geelong ní Ọsirélíà kọ́ ẹ̀rọ tí ń ṣe yìnyín. Ní 1859, Ferdinand Carré ará Faransé gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń lo amóníà. Nígbà tí ó sì di àárín ọdún 1870 sí 1880, Carl von Linde ní Jámánì kọ́ ẹ̀rọ amóníà tí ó ṣe déédéé, àwọn tí ń pọn ọtí ni wọ́n sì kọ́kọ́ rà á. Ní ọdún 1882, ọkọ̀ Dunedin kó ẹran àgùntàn dídì, bí 5,000, láti New Zealand dé Lọ́ńdọ̀nù láìbàjẹ́. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé a lè pa ẹran ní òpin ayé kan kí a sì jẹ ẹ́ ní òpin kejì.

ÀWỌN AFẸ́FẸ́ OLÓRÓ

Amóníà ni ó lágbára jù nínú àwọn afẹ́fẹ́ wọ̀nyí, òun ni ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá títí di òní. Òórùn rẹ̀ a máa gún ni nímú bí òórùn ìtọ̀ tí ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa wá omi kiri: ojú ènìyàn ní omi, ọ̀fun ní omi, ẹ̀dọ̀fóró ní omi, nítorí náà àwọn ibẹ̀ ni í kọ́kọ́ jó. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ó bá ti di apá 300 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ó ti di ewu ẹ̀mí. Bí ó bá sì di apá 15 sí 28 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè gbiná kí ó sì bú gbàù.

Nígbà tí fíríìjì kékeré bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní bí ọdún 1920, afẹ́fẹ́ méjì mìíràn ni wọ́n ń lò púpọ̀: sulphur dioxide, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti imí ọjọ́ tí ń jó, àti methyl chloride, tí òórùn rẹ̀ kò ju ohun adídùn díẹ̀ lọ. Èyí kejì ni ó burú jù, nítorí ẹni tí ó ń sùn kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ní ìlú Chicago, ní 1928 àti 1929, ó pa àwọn ènìyàn mélòó kan nínú ilé wọn. Ọ̀ràn irú èyí ni a ní ó mú kí Albert Einstein, ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Leo Szilard jókòó láti ṣe ètò fíríìjì tí kò ní ohun tí ń yí nínú, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ojú ibi tí yóò gbà jáde. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dé ọjà.

ÌGBÀ FREON

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbà. Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá afẹ́fẹ́ tí kò ní oró, tí kì í sì í gbiná. Ní ọdún 1930, Midgley dúró níwájú àwọn onímọ̀, ó fa afẹ́fẹ́ tuntun náà sínú, ó sì fẹ́ ẹ jáde sórí àbẹ́là títí iná fi kú. Gbogbo wọn rí i pé kò pa á, kò sì gbiná. Freon ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, ó sì tàn ká gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n Freon náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún ènìyàn. Bí ó bá jò nínú yàrá tí a ti pa, ilẹ̀ ni yóò kó jọ sí, yóò sì lé afẹ́fẹ́ rere jáde; ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún ẹ̀rọ ṣe lè dákú kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Bí ó bá sì kan iná, a máa di oró. Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ, ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé ó lè ba òsóònù jẹ́, ìyẹn ìbòrí òkè ọ̀run tí ń ṣíji bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí í pa ohun abẹ̀mí lára. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ará Bìrìtìkó rí i pé ìbòrí náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi lókè ilẹ̀ Antarctica. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal láti dẹ́kun rẹ̀. Ilẹ̀ Nàìjíríà náà wọ inú àdéhùn yìí ní 1988. Ní 2016, ní Kigali ní ilẹ̀ Rùwáńdà, a fi kún àdéhùn náà láti dín àwọn afẹ́fẹ́ tí ó rọ́pò Freon kù, nítorí wọ́n ń mú kí ayé máa gbóná.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ayé tún ń padà sọ́dọ̀ àwọn afẹ́fẹ́ àtijọ́. Amóníà kò kúrò ní ilé iṣẹ́ ńlá rí, nísinsìnyí ó tún ń tàn sí i. Ọ̀pọ̀ fíríìjì kékeré tuntun sì ń lo afẹ́fẹ́ tí ó jẹ́ ìbátan gáàsì ìdáná, tí í gbiná bí tirẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rù mẹ́ta ni a ní láti mọ̀: èyí tí ń jó ni, èyí tí ń fún ni lọ́rùn, àti èyí tí ń gbiná. Afẹ́fẹ́ tí kò ní ewu kankan, a kò tíì rí i.

ÀWỌN KÒTÒ TÍ ARÁ IWÁJÚ JÌN SÍ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Shreveport ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984. Amóníà jò nínú yàrá òtútù ńlá kan. Àwọn panápaná méjì wọ aṣọ tí oògùn kò lè wọ̀, wọ́n sì wọlé láti dí ibi tí ó ń jò. Wọ́n múra fún oró. Wọn kò múra fún iná. Ìṣáná kékeré kan láti ara ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ran afẹ́fẹ́ náà, ó sì bú gbàù. Ọ̀kan kú, èkejì jóná gidigidi. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀, pé amóníà a máa gbiná.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2010, ní Theodore ní ìpínlẹ̀ Alabama, iná mànàmáná ti lọ ní ilé ìkẹ́rùsí tútù kan ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ padà, agbára olómi inú páìpù ṣe bí òòlù, ó sì fọ́ páìpù ńlá kan lórí òrùlé. Ó ju 32,000 pọ́n-ùn amóníà tí ó jáde. Dípò kí àwọn òṣìṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì tí ó ń dá gbogbo ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wá ibi tí ó ń jò láti tì í, àwọn ẹ̀rọ sì ń fa amóníà sí ojú ibẹ̀ síwájú sí i fún wákàtí púpọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé e kọjá odò lọ bá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àti ní etí omi. Ó ju 150 ènìyàn tí ó kàn, bí 30 nínú wọn ni a sì dá dúró ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ọ̀ràn yìí bá kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ náà; aládùúgbò lásán ni wọ́n.

Ní ọdún 2013, ìbànújẹ́ méjì bá ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, iná ṣẹ́ láti ara wáyà ní ilé ìpadìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Jilin; iná dé ara ohun èlò amóníà, ó sì bú. Àwọn ènìyàn sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá ọ̀nà ní títì. 121 ènìyàn ni ó kú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, amóníà jò ní ilé òtútù kan ní Shanghai, ó sì pa 15. Ní Jilin, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ti ilẹ̀kùn ni kò jẹ́ kí àwọn tí ó wà nínú ilé jáde.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó súnmọ́ irú ẹgbẹ́ wa jù. Fernie jẹ́ ìlú kékeré láàárín òkè ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà. Ìlú náà ní ilé eré orí yìnyín tí gbogbo ará ìlú ń lò, ẹ̀rọ amóníà ni ó sì ń mú ilẹ̀ rẹ̀ dì. Ẹ̀rọ náà ti kọjá iye ọdún tí a pinnu fún un. Ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ rẹ̀ ti wà nínú ìṣirò owó ìlú ní ọdún mélòó kan ṣáájú, ṣùgbọ́n a sún un síwájú, a sì tún sún un síwájú. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2017, a rí àmì pé amóníà ti ń jò wọ inú omi iyọ̀ tí ń gbé òtútù lọ sí abẹ́ yìnyín. A dá ẹ̀rọ náà dúró ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí àsìkò eré tún dé ní oṣù kẹwàá, a tún tàn án.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 17 oṣù náà, agogo ìkìlọ̀ dún. Àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá bí wọn yóò ti tún un ṣe. Ohun tí kò hàn sí wọn ni pé amóníà ti wọ inú omi iyọ̀ púpọ̀, agbára rẹ̀ sì ń ga nínú páìpù tí a ti tì. Ojú ìsopọ̀ páìpù kan já lójijì, yàrá ẹ̀rọ sì kún fún amóníà ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wà níbẹ̀ kú, méjì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú, ẹnì kan jẹ́ mẹkáníìkì tí ó ti ibòmíràn wá ràn wọ́n lọ́wọ́. A kó àwọn ará ilé tí ó yí ibẹ̀ ká kúrò. Ní ọdún 2018, àwọn tí ìjọba yàn láti wádìí sọ pé ihò kékeré kan tí ìpẹtà dá sí ara páìpù ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti pé ìpinnu láti tún tan ẹ̀rọ tí a mọ̀ pé ó ń jò ni ó sọ ọ́ di ikú.

Ẹ̀yin ará, ẹ ronú sí ìlú náà. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn rí ibi ṣeré, wọ́n sì fẹ́ ṣọ́ owó ìlú ná. Àwa tí a ń jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà dáradára: "Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀." Ohun tí a kò bá fẹ́ kí ó bàjẹ́, ojú ni a fi í mú tó o.

ÈTÒ TÍ Ó YẸ KÍ ILÉ IṢẸ́ NÍ

Láti inú àwọn ọ̀ràn wọ̀nyí ni ayé ti kọ́ ohun tí ètò rere jẹ́. Èmi yóò tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tí ó ní yàrá òtútù kan ṣoṣo àti ẹni tí ń ṣe fóòmáànù ní ilé iṣẹ́ ńlá lè jọ rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Èkínní, kí a mọ afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ wa. Orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ. Kí a kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, kí a kọ iye rẹ̀ àti irú ewu rẹ̀, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Panápaná tí ó bá dé lóru kò ní máa méfò.

Èkejì, kí ohun èlò tí ń gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́ náà wà nínú yàrá ẹ̀rọ, kí agogo rẹ̀ máa dún nínú àti lóde. Imú ènìyàn kò tó: Freon kò ní òórùn, amóníà pàápàá sì lè mọ́ ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ lára. Kí bọ́tìnnì tí ń dá ẹ̀rọ dúró àti èyí tí ń tan fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde wà ní ìta yàrá. Ẹni tí yóò wọ inú ewu kí ó tó lè pa ewu, a ti pa á kí ó tó débẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ilẹ̀kùn máa ṣí sí òde, kí ó má sì sí àgádágodo ní ẹnu rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà nínú. Kí yàrá òtútù ní ohun tí ẹni inú lè fi ṣí i.

Ẹ̀kẹrin, kí a yan ibi tí gbogbo ènìyàn yóò péjọ sí, kí ó jẹ́ méjì, nítorí a kò mọ ìhà tí atẹ́gùn yóò fẹ́ sí lọ́jọ́ náà. Kí a so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí òpó gíga kí gbogbo ènìyàn lè rí ìhà tí atẹ́gùn ń kọrí sí. Ẹni tí ń sá fún amóníà kò gbọdọ̀ sá tẹ̀lé atẹ́gùn. Kí ó gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Amóníà fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, a máa tutù nini bí ìkùukùu, a sì máa rá mọ́lẹ̀. Ti Freon, ilẹ̀ ni í wà. Kí fóòmáànù ní ìwé orúkọ gbogbo ẹni tí ó wọlé lọ́jọ́ náà, kí ó kà wọ́n níbi ìpéjọ, àti àlejò pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún, kí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹni tí yóò pe panápaná, ẹni tí yóò pe ilé ìwòsàn, àti ẹni tí yóò kìlọ̀ fún àdúgbò. Ní Theodore, àwọn tí kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà ní amóníà ni ó mí i símú. Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọjà bá wà nítòsí, kí olórí ibẹ̀ mọ ohun tí agogo náà túmọ̀ sí.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí ó ṣòro jù fún ọkàn ọmọ ènìyàn: kí ẹnikẹ́ni má sáré wọlé láti yọ ẹnìkejì láìní ohun èlò ìmí. Àánú ni í pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ọ̀ràn báyìí. Ẹnì kan ṣubú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré tọ̀ ọ́, òun náà ṣubú, ẹlòmíràn tún tẹ̀ lé wọn. Ìbòjú tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ wúlò fún ẹni tí ń sá jáde. Kò tó fún ẹni tí ń wọlé síbi tí amóníà ti pọ̀. Ẹni tí yóò wọlé gbọdọ̀ gbé ìgò afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n jẹ́ méjì tí ń wọlé, kí méjì mìíràn tí ó ti múra sì dúró lóde. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tàbí tí kò kọ́ ènìyàn sí i, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn jáde kíákíá, kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró láti òde, kí wọ́n sì dúró de panápaná. Kò sí ìtìjú nínú èyí.

Èkeje, ìtọ́jú. Ẹni tí amóníà bá ta sí lójú tàbí lára, kí a da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí aṣọ bá dì mọ́ ara rẹ̀, kí a má fà á ya. Kí a fi omi rọ̀ ọ́ kúrò. Kí a má sì da omi sórí amóníà olómi tí ó kó jọ sílẹ̀, nítorí omi yóò mú un hó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Àwọn panápaná a máa fọ́n omi sí ìkùukùu rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìyẹn yàtọ̀.

Èkejọ, kí a máa ṣe ìdánrawò. Ètò tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ máníjà, tí ọdẹ òru kò mọ̀, kò tíì di ètò. Kí a dán an wò ní ọ̀sán, kí a dán an wò ní òru, kí a sì tún un ṣe bí ẹ̀rọ tàbí òṣìṣẹ́ bá yí padà.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò ní òfin. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 sọ pé kí a má ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́nà tí kò fi ní lè tètè jáde. Ó sì sọ pé ẹni tí yóò wọ inú àgbá tàbí kòtò tí afẹ́fẹ́ olóró lè wà gbọdọ̀ ní ohun èlò ìmí, kí okùn sì wà ní ìdí rẹ̀ tí ẹnìkan dì mú lóde. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé yàrá òtútù tí ó wà lẹ́yìn ọjà. Àwa ni a ó gbé e débẹ̀.

Nítorí náà mo ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Kí a pe àwọn panápaná wá sí ìpàdé ọdún, kí wọ́n bá àwọn tí ó ní yàrá òtútù àti àwọn mẹkáníìkì fíríìjì sọ̀rọ̀. Kí àwọn mẹkáníìkì pàápàá gbọ́ pé afẹ́fẹ́ tuntun tí wọ́n ń rọ sínú fíríìjì lè gbiná, kí wọ́n má máa fi iná jó páìpù tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé. Kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi ìtàn àmù àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kọ́ àwọn ọmọ, nítorí ohun tí a bá mọ ìdí rẹ̀ ni a mọ bí a ti í ṣọ́ra fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, ọ̀pọ̀ yín ni ó ń ṣe ìdánrawò yìí ní ibi iṣẹ́ yín lọ́dọọdún. Ẹ kọ ohun tí ẹ ti rí ránṣẹ́ sí wa, yóò wúlò fún ìlú bí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ti wúlò. Bí ibi iṣẹ́ yín bá sì ní irú ẹ̀rọ yìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀nà àbájáde hàn yín, ẹ béèrè lọ́la.

Ẹ̀rọ amóhuntutù ti ṣe ayé lóore. Ó ń pa oògùn àjẹsára àwọn ọmọ wa mọ́, ó ń gbé ẹja dé ìlú tí kò rí òkun rí, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú wa di oníṣòwò pàtàkì. A kò lè tìtorí ewu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ìránṣẹ́ alágbára sí ilé gbọdọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ tí inú bá bí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá jáde lọ sí ibi iṣẹ́ nínú ọdún yìí padà wá bá àwọn ará ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Àṣẹ.